Ọ̀kadà Kú Sójú Ọ̀nà, Bẹ́ẹ̀ Epo Wà Nínú Táǹkì

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ọlọ́kadà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Boxer ló ń gùn, ó di èédú sẹ́yìn. Ó ní ọ̀kadà náà á rìn díẹ̀, á kú, tó bá sinmi tán á tún rìn. Mo rò pé epo ti ń tán nínú ẹ̀ ni. Epo jẹnẹrétọ̀ wà nínú kẹ́ẹ̀gì ní búùtù mi, mo bù ú sínú ike omi, mo dà á sí i. Ó sítáàtì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ṣàdúrà fún mi, ó sì ṣíwájú mi lọ. Nígbà tí mo máa fi rìn díẹ̀ sí i, mo tún bá a níbi tó dúró sí. Ìyàwó mi ní epo mi ló ba ọ̀kadà ọlọ́kadà jẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló yẹ kí n ṣe? Tí kò bá sì sí epo nínú kẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ mìíràn, ṣé mo lè fi rọ́bà fà á látinú mọ́tò mi?”

Ẹ fi ìyàwó yín lọ́kàn balẹ̀. Bẹntiróòlù tó mọ́ kò lè ba Boxer jẹ́, ìbáà jẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì jẹnẹrétọ̀ ló ti wá. Epo tí mọ́tò yín ń jẹ náà ni Boxer ń jẹ. Ohun tí mo rò ju ìyẹn lọ ni pé kì í ṣe epo tí ẹ dà sí i ló jẹ́ kó sítáàtì. Ìdérí táǹkì tí ẹ ṣí kí ẹ tó da epo náà ló jẹ́ kó sítáàtì. Ọlọ́kadà yẹn ti sọ àìsàn rẹ̀ fún yín kí ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì jáde: “tó bá sinmi tán á tún rìn.” Ọ̀kadà tí epo tán nínú ẹ̀ kì í sinmi kó tún lọ. Èyí tó ń sinmi kó tó lọ, epo sábà máa ń wà nínú ẹ̀, kò kàn dé ibi tó ń lọ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí epo ń gbà. Àwọn ọ̀kadà tó ń lo kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì), irú èyí tó pọ̀ jù lójú ọ̀nà wa, kò ní pọ́ǹpù epo. Táǹkì wà lókè, epo á ṣàn gba inú tápù, á gba inú rọ́bà, á já sínú abọ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀. Fúlóòtì, ohun tó ń léfòó lórí epo inú abọ́ náà, ló ń ti ẹnu ọ̀nà nígbà tí abọ́ bá kún, òun náà ló sì ń ṣí i nígbà tí epo bá lọ sílẹ̀. Inú abọ́ yìí ni jẹ́ẹ̀tì, ihò tóóró inú kábúrétọ̀, ti ń fa epo fún ẹ́ńjìnnì. Gbogbo èyí kò ní lágbára kankan lẹ́yìn rẹ̀ ju ìwúwo epo fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí epo ṣe ń jáde nínú táǹkì, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọlé dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ti lu ihò kan ṣoṣo sí agolo mílíìkì rí mọ̀ ohun tí mò ń wí: mílíìkì á kán díẹ̀, á dáwọ́ dúró, àfi téèyàn bá lu ihò kejì.

Ihò kejì ti táǹkì ọ̀kadà wà lára ìdérí rẹ̀. Ó kéré, eruku àti ẹrẹ̀ lè dí i. Ṣùgbọ́n eruku nìkan kọ́ ló ń dí i, ọwọ́ àwọn ọlọ́kadà fúnra wọn wà nínú ẹ̀. Tí rọ́bà inú ìdérí bá ti jẹ, tí omi òjò bá ń wọlé, wọ́n á ká ọ̀rá, wọ́n á fi bo ẹnu táǹkì, wọ́n á wá dé e mọ́lẹ̀. Òjò ò wọlé mọ́ lóòótọ́, atẹ́gùn náà ò sì wọlé mọ́. Awọ tí wọ́n ń rán bo táǹkì náà lè ṣe ohun kan náà tó bá fún jù. Ọ̀kadà á lọ dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, agbára rẹ̀ á máa dínkù, á kú. Bó bá dúró, atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀ á yọ́ wọlé, epo á tún kán sínú abọ́, ọlọ́kadà á tẹ kíìkì, á lọ. Ẹrù tó bá wúwo tún ń jẹ́ kó yá, torí epo tí ẹ́ńjìnnì ń bèèrè pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá tún bá irú ẹ̀ pàdé, ẹ má tíì fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ní kí ó pa kọ́kọ́rọ́, kí ó rọra ṣí ìdérí táǹkì, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ “sìììì”, bí ìgbà tí atẹ́gùn ń sáré wọlé, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú kan kí epo ráyè kún abọ́, kí ó dé e padà láìdé e pinpin, kí ó wá tẹ kíìkì. Tó bá ta, ìdérí ni. Ẹ yọ ọ̀rá kúrò, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún ihò ìdérí náà, ẹ fẹ́ ẹ títí atẹ́gùn fi gba inú ẹ̀ kọjá. Bí ihò náà bá kọ̀ tí kò là, ó lè fi ìdérí tí kò dé pinpin lọ sílé, ṣùgbọ́n kí epo inú táǹkì má ju ìdajì lọ, kó sì rọra máa lọ, nítorí epo tó bá ń dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Bí ẹ ò bá gbọ́ ohùn kankan, ẹ wo tápù. Inú táǹkì, páìpù méjì ló wà lórí tápù náà: èyí tó ga ni ó ń fa epo nígbà tí tápù bá wà ní ibi tí a ń lò lójoojúmọ́, èyí tó kúrú ló ń fa ti rìsáfù, ìyẹn epo ìkẹyìn tó kù nísàlẹ̀. Tí epo bá ti lọ sílẹ̀ ju orí páìpù gíga lọ, ọ̀kadà á kú, bẹ́ẹ̀ epo tó lè gbé e dé ilé epo ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ yí i sí rìsáfù, ó parí. Ìṣòro ni pé ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ti yí i sí rìsáfù láti oṣù mélòó kan, wọn ò sì rántí dá a padà, ìyẹn ni pé nígbà tí epo bá tán, ó tán pátápátá nìyẹn. Síbẹ̀, àbùjá kan ṣì kù. Táǹkì ọ̀kadà gun irin àárín bí ẹni tó ya ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjì, epo tó kù sì lè há sí ẹ̀gbẹ́ tí tápù kò sí. Ẹ jọ dì í mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí apá ibi tí tápù wà títí ẹ ó fi gbọ́ kí epo ṣàn kọjá, ẹ gbé e dúró padà. Èyí lè fún un ní kìlómítà díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá gbé ẹrù sẹ́yìn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó dán an wò.

Tí kì í bá ṣe ìdérí, tí kì í sì í ṣe rìsáfù, àyẹ̀wò kan wà tó ń sọ òótọ́ ju ẹnu lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà tutù, ẹ ti tápù, ẹ fa rọ́bà epo kúrò lára kábúrétọ̀, ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ bọ inú ike tó mọ́ gaara, ẹ wá ṣí tápù. Epo gbọ́dọ̀ ṣàn láìdáwọ́ dúró. Bó bá ń kán tó tó tó, tí ìdérí sì wà ní ṣíṣí, ìdọ̀tí ti dí àwọ̀n inú tápù tàbí fílítà ojú rọ́bà, tàbí kí rọ́bà fúnra rẹ̀ ti ká. Bó bá ṣàn dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, tó wá ń dínkù nígbà tí ìdérí wà ní pípadé, a tún ti padà sórí ihò atẹ́gùn. Bó bá ń ṣàn dáadáa ní gbogbo ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ti dé inú kábúrétọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú táǹkì mọ́.

Ike gaara yẹn ní iṣẹ́ kejì. Ẹ gbé e sílẹ̀ ìṣẹ́jú méjì kí ẹ wò ó lójú oòrùn. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, kò sì ń pò mọ́ ọn: á lọ sísàlẹ̀, ẹ ó rí ìlà láàárín àwọn méjèèjì, tàbí kí omi náà máa yí kiri nísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi tó kéré gan-an fi lè dá ọ̀kadà dúró nígbà tí táǹkì kún fọ́fọ́. Ìsàlẹ̀ abọ́ ni jẹ́ẹ̀tì wà, ìsàlẹ̀ náà ni omi ń lọ, nítorí náà omi ni jẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ ń fà. Lábẹ́ abọ́ kábúrétọ̀, sukúrù kékeré kan wà tí wọ́n ṣe fún èyí. Ẹ fi ike sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú u díẹ̀, ẹ má yọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí ohun tó wà nínú abọ́ jáde, ẹ tún ṣí tápù kí epo tuntun fọ̀ ọ́ títí ohun tó ń jáde fi mọ́. Bí ìdajì ife tíì máa tó. Ẹ dí sukúrù náà padà kó le, ṣùgbọ́n kí ẹ má fipá dè é, òwú irú àwọn sukúrù wọ̀nyí kì í pẹ́ jẹ. Èyí á gbé e dé ilé. Kò tíì wo àìsàn náà sàn, nítorí omi tó wà nísàlẹ̀ táǹkì ṣì ń bọ̀, mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ gbọn táǹkì dànù pátápátá.

Bó bá jẹ́ kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n pò mọ́ ọn, ike kò ní fi hàn, torí àwọn yẹn ń pò pọ̀. Ẹ kán epo náà sórí ìwé funfun kan. Bẹntiróòlù tó dáa á gbẹ kíákíá, kò ní fi ojú àmì sílẹ̀. Kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì á fi àmì ọlọ́ràá sílẹ̀. Ìdí kan wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìmọ́tótó epo. Ní oṣù kejì ọdún 2022, epo tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí NNPC fi ní láti kó o kúrò lọ́jà. Irú epo bẹ́ẹ̀ ń fa omi mọ́ra, ó sì ń ba rọ́bà jẹ́. Ilé epo tó ní orúkọ sì lè tà á fún yín, kì í ṣe àwọn oníkẹ́ẹ̀gì ẹ̀gbẹ́ títì nìkan.

Ti jẹ́ẹ̀tì tó dí, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, torí kò yẹ kí ẹ tú u lójú ọ̀nà. Àmì rẹ̀ ni kí ẹ mọ̀. Ọ̀kadà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fa ṣóòkù (ọwọ́ tí a fi ń mú kí epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù) nìkan ló ń dúró láìkú, jẹ́ẹ̀tì kékeré ló dí. Èyí tó dúró dáadáa ṣùgbọ́n tó ń wúkọ́ bí ẹ bá fún un níná, ti ńlá ni. Wọ́n á fi wáyà gún un ní ìgbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ihò yẹn ni òṣùwọ̀n epo, wáyà irin á fẹ̀ ẹ́, ọ̀kadà á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí láti ọjọ́ náà. Atẹ́gùn ni kí wọ́n fi fẹ́ ẹ. Bí epo bá sì ń dà sílẹ̀ láti ara kábúrétọ̀, fúlóòtì ló há: ẹ fi ìdí sukurudráfà rọra kan abọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sábà máa ń bọ́ sílẹ̀. Bí kò bá bọ́, ẹ ti tápù, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ kíìkì.

Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo tán lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni ìrànlọ́wọ́ irú tiyín wúlò, ìbéèrè kan sì wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú: “Ṣé ẹ máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo tiyín?” Boxer kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀kadà àtijọ́ bíi Suzuki AX100 àti Jincheng tó jọ ọ́, inú epo wọn ni ọ́ìlì tó ń jẹ́ kí písítìnì yọ̀ ti ń wá. Wọ́n ní pọ́ǹpù ọ́ìlì tiwọn láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti yọ ọ́ dànù, tí wọ́n ń fọwọ́ po ó. Tí ẹ bá da epo lásán sí irú ẹ̀, á lọ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, písítìnì á sì lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ì bá ti já sí òótọ́. Lítà epo kan ń gba ọ́ìlì bíi mílílítà 20 sí 40, ọ́ìlì ti ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ ni o. Bí kò bá sí ọ́ìlì, kí ó má gbé e.

Lítà kan tó, ó tilẹ̀ pọ̀. Ọ̀kadà kékeré tó gbé ẹrù á fi lítà kan rin ogójì kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yí tápù sí rìsáfù, torí epo díẹ̀ tí ẹ dà sí i lè má dé orí páìpù gíga. Ẹ dúró ìṣẹ́jú kan kí abọ́ kún kó tó tẹ kíìkì. Àwọn tí kò ní sùúrù níbí ni wọ́n máa ń sọ pé “a ti da epo sí i, síbẹ̀ kò ta.” Tí ó bá ti tẹ kíìkì títí tó rẹ̀ ẹ́, ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò. Tó bá gbẹ, epo ò dé ibẹ̀. Tó bá tutù pẹ̀lú epo, epo ti pọ̀ jù: ẹ nù ún gbẹ, ẹ ti tápù, kí ó fa ọwọ́ iná tán, kí ó tẹ kíìkì bí ìgbà mẹ́wàá láìfa ṣóòkù, kí ẹ tó dá púlọ́ọ̀gì padà. Tí púlọ́ọ̀gì bá tutù tí kò sì ta síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná ni kò sí, kì í ṣe epo mọ́. Mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa dán iná púlọ́ọ̀gì wò níbi tí ẹ ti ń da epo. Mẹkáníìkì ló kàn.

Ó kan ti fífi rọ́bà fa epo látinú mọ́tò. Ẹ má fi ẹnu fà á. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní ní ìdènà lọ́fun táǹkì, rọ́bà kò ní dé ibi tí epo wà. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó tú páìpù epo lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mọ́tò tó ń lo pọ́ǹpù epo ní epo tó wà lábẹ́ agbára nínú páìpù yẹn, á tú sí yín lójú. Èkejì ni pé bẹntiróòlù tó gba ọ̀fun wọlé kò burú tó èyí tó gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ péré ló sì gbà láti da ẹ̀dọ̀fóró rú. Bí ó bá ṣèèṣì wọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kí ó tu ú dànù, kí ó fi omi yọ ẹnu. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Èébì ló ń gbé epo náà padà sókè, tó ń jẹ́ kó rí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá ń wúkọ́ tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí mímí nira fún un, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé ọlọ́kadà náà lọ sí ilé epo kí ó sì wá ọ̀nà padà, tàbí kí ẹ bá a ra epo bọ̀. Ó lọ́ra ju rọ́bà lọ, mo mọ̀.

Ìgbà tí ẹ bá ń da epo, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní pípa, kí sàlẹ́ńsà ti tutù, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá. Oru epo wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń gbà lọ bá iná tó wà lókèèrè. Lálẹ́, tọ́ọ̀ṣì ni, kì í ṣe ìṣáná tàbí láítà láti wo inú táǹkì. Ẹ lo àrọ. Ike omi tí ẹ lò kò burú fún dídà kíákíá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi epo pamọ́ sí: ìdérí rẹ̀ ń jò, oòrùn á sì mú kó wú. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi okùn wọ́ ọ̀kadà tàbí kí ọlọ́kadà mìíràn máa fi ẹsẹ̀ tì í lọ, ó wọ́pọ̀, kò dáa, pàápàá lójú ọ̀nà tí tírélà ń gbà. Bí ẹ bá ní pikọ́ọ̀pù, ẹ ti tápù epo, ẹ gbé e dúró, ẹ so ó mọ́lẹ̀, ẹ má tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, epo á máa jò lára kábúrétọ̀.

Ohun tí mo kọ yìí kò kan àwọn ọ̀kadà tuntun tí pọ́ǹpù epo wà nínú táǹkì wọn. Tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ ó gbọ́ kí ó kùn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ti irú ẹ̀, ẹ da epo sí i, tí kò bá lọ, ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò yín náà wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kọ́ ni epo tán fún. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ibẹ̀ sì dá, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹ kọjá, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó wà ní ibi àyẹ̀wò tó kàn, tàbí kí ẹ pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bí ẹ bá dúró, ẹ jẹ́ kí ọ̀kadà àti mọ́tò kúrò lórí ọ̀dà pátápátá, kí ẹ sì gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn níbi tí ẹni tó ń sáré bọ̀ á ti tètè rí i.

Kẹ́ẹ̀gì inú búùtù yín ńkọ́? Ẹ má gbé e kiri pẹ̀lú èèyàn nínú mọ́tò. Ẹ rà á lọ́jọ́ tí ẹ bá máa lò ó, kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sórí ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rọ epo sí i, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè nítorí epo ń wú nínú ooru. Àrọ kékeré, ike gaara kan tí kò ní nǹkan kan nínú, sukurudráfà àti sípánà púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Fún ọlọ́kadà tí ẹ bá lọ́nà Ṣakí, kò tilẹ̀ nílò tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá fi ọ̀rá bo ẹnu táǹkì bí mo ṣe fura sí, kí ó ṣáà ti yọ ọ́ kúrò, kí ó ra rọ́bà ìdérí tuntun.